Bí Òkẹ́sítírà Hallé Ṣe Ń Múra sí Sáà Tuntun

Ìlú Manchester wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òwò òwú ni ó sọ ìlú náà di olókìkí ní ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn: èyí ni òkẹ́sítírà wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hallé. Òkẹ́sítírà ni ẹgbẹ́ ńlá àwọn òṣèré tí ń fi oríṣiríṣi ohun èlò kọrin pọ̀ lábẹ́ olùdarí kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni ohun èlò wọn: àwọn olókùn, irú èyí tí ó jọ gòjé, àwọn fèrè onígi, àwọn fèrè idẹ, àti àwọn tí a ń lù. Ẹni tí ó bá mọ ẹgbẹ́ onídùndún yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ìyáàlù ni aṣáájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kẹríkẹrì àti gúdúgúdú kò bá sí níbẹ̀, eré kò pé.

Lọ́dọọdún, bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn òṣèré Hallé a bẹ̀rẹ̀ eré ní Manchester àti ní àwọn ìlú mìíràn bíi Bradford àti Sheffield. Wọn a máa bá a lọ títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Àkókò yìí ni a ń pè ní sáà orin. Ṣùgbọ́n sáà kì í dédé wọlé. Ìlérí ni, tí a ti tẹ̀ sínú ìwé, tí a sì ti gba owó lé lórí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun èlò. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ yóò pàdánù owó, yóò sì pàdánù orúkọ rere.

Ọkùnrin tí ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ mọ èyí dáadáa. Charles Hallé ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni. A bí i ní 1819. Ìlú Paris ni ó ń gbé kí rògbòdìyàn ọdún 1848 tó lé e wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1857, a ṣe àfihàn ńlá kan ní Manchester fún iṣẹ́ ọnà, a sì ní kí Hallé kó àwọn òṣèré jọ láti máa kọrin níbẹ̀. Nígbà tí àfihàn náà parí, kò fẹ́ kí wọn túká. Ní ọjọ́ 30 oṣù January 1858, ó dáwọ́ lé eré tirẹ̀. Ọgbọ̀n eré ni ó ṣe ní sáà àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó, èrè rẹ̀ kò ju ṣílè méjì àbọ̀ lọ, èyí ni kọ́bọ̀ kan lórí eré kọ̀ọ̀kan. Tọ́rọ́ tuntun mẹ́wàá ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ìbá ti jáwọ́, ṣùgbọ́n Hallé rí i pé òun kò jẹ gbèsè, ó sì múra sí sáà tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun àkọ́kọ́ nínú ìmúra ni yíyan orin. Èyí a máa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú, nítorí àwọn gbajúmọ̀ àlejò tí yóò wá dá kọrin kì í ráyè. Àwọn orin àtijọ́ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn ni ó ń mú kí àga kún. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kò bá gbin orin tuntun, kí ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la yóò kórè? Ní ọjọ́ 3 oṣù December 1908, Hallé ni ó kọ́kọ́ ṣeré Símfónì Kìn-ín-ní ti Edward Elgar, lábẹ́ ìdarí Hans Richter. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ orin náà rí. Síbẹ̀, ní ìwọ̀n ọdún kan àti díẹ̀ sí i, a ti ṣe é nígbà tí ó tó ọgọ́rùn-ún káàkiri ayé.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ojú ò rí. Olùtọ́jú ìwé orin yóò wá ìwé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olórí àwọn olókùn yóò pinnu ibi tí ọwọ́ yóò ti lọ sókè àti ibi tí yóò ti wá sílẹ̀; a ó sì sàmì rẹ̀ sí ìwé gbogbo wọn, kí ọwọ́ wọn lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀ pọ̀. Òṣèré kọ̀ọ̀kan yóò kọ́ ipa tirẹ̀ nílé kí wọn tó pàdé fún ìdánrawò.

Ọdún 1943 ni ìlérí yìí le jù. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Bọ́ǹbù ti ba gbọ̀ngàn wọn jẹ́ láti December 1940, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin sì ti wọ iṣẹ́ ológun. John Barbirolli ti Amẹ́ríkà dé láti wá jẹ́ olùdarí, ó sì bá òṣèré tí kò ju bí ọgbọ̀n lọ, nígbà tí a ti fi eré àkọ́kọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù July ní Bradford. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó gbà á. Ọmọ ilé-ìwé kan ni ó di aṣáájú àwọn afọnfèrè, olùkọ́bìnrin kan ń fọn fèrè idẹ, àwọn mìíràn sì wá láti inú ẹgbẹ́ afọnfèrè àdúgbò. Ó kọ́ wọn kíkankíkan. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n ṣeré, ẹgbẹ́ náà kò sì kú. Barbirolli kò fi Hallé sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1970.

Láti 1996, Bridgewater Hall ni ilé wọn. Orí àwọn sípíríngì irin ni a kọ́ ọ lé, kí ariwo ọkọ̀ ìgboro má baà wọlé. Kahchun Wong, ọmọ ilẹ̀ Singapore, gba ipò olùdarí ní 2024. Gbọ̀ngàn yí padà, olùdarí yí padà, ṣùgbọ́n ìmúra kò yí padà. Bí àwọn olùgbọ́ bá ti jókòó, oboe yóò mú ohùn kan jáde, gbogbo ohun èlò yóò sì bá a mu, eré yóò sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Adùn tí àwọn olùgbọ́ ń gbọ́ ní alẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ oṣù ni a ti fi pèsè rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí sáà orin jọ ìlérí?
2. Èé ṣe tí Hallé kò fi jáwọ́ lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́?
3. Irú àwọn ènìyàn wo ni Barbirolli kó jọ ní 1943, kí sì ni ó fà á?
4. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.