Ìlà Méjì Kọ́ Ni Ìdájọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó so ọ̀dọ́ méjì pọ̀ lónìí, wọ́n á ní kí wọ́n mú èsì àyẹ̀wò HIV wá. Ìyẹn dára. Èyí tó ń dùn mí ni pé ìlà méjì á yọ lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á sì ti tú àdéhùn ká kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹnikẹ́ni ò ní béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún wò.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dà bí ọdẹ àdúgbò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí olè má kọjá, nítorí náà ó lè dá ẹni tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú, ó kéré tán, 99 nínú 100 ẹni tó ní kòkòrò náà, kó sì jẹ́rìí pé 98 nínú 100 ẹni tí kò ní in kò ní in lóòótọ́. Ẹ má jẹ́ kí 98 yẹn tàn yín. Ẹ bá mi ṣírò. Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 fi hàn pé 1.4 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ló ní HIV. Nínú 1,000 èèyàn, 14 nìyẹn. Nínú 986 tó kù, bí irinṣẹ́ bá ṣi 2 mú nínú 100, nǹkan bí 20 èèyàn ni. Àwọn tí ìlà méjì yọ fún á tó 34, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí kò ní HIV rárá! Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ sàn ju òdiwọ̀n yìí lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó tó dá ẹjọ́ yìí fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé ìwòsàn wa ń kọ́kọ́ lo irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Determine, bó bá sì mú, wọ́n á lo òmíràn tó ń jẹ́ Uni-Gold. Bí méjèèjì bá ta ko ara wọn, ẹ̀kẹta tó ń jẹ́ Stat-Pak ló ń parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àyẹ̀wò mẹ́ta tẹ̀ léra fẹnu kò kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní in.

Èsì pé kò sí náà ní àsìkò tirẹ̀. Ohun tí ara ń pèsè láti bá kòkòrò jà ni irinṣẹ́ orí ìka ń wá, ó sì lè tó 90 ọjọ́ kó tó rí i. Èyí tí láàbù ń fi ẹ̀jẹ̀ iṣan ṣe, tó ń wá p24 tí í ṣe ara kòkòrò náà pẹ̀lú, lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná, ẹ má wá ìlà kiri láàárọ̀ yìí. Ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, kí wọ́n fún yín ní òògùn tó ń dènà rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti ń lo òògùn HIV, kó má ṣe lọ tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn àdúrà ìwòsàn. Òògùn lè mú kí ìlà kejì má yọ mọ́, kòkòrò náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì torí bẹ́ẹ̀ fi òògùn sílẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.