Ẹ Pààlà fún Iṣẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Tọkọtaya Àríwá Èkìtì Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Òkèèrè

Bí ẹ bá ti Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó, Ìtapá tàbí Ayédé wá, tí ọ̀kan nínú yín sì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Àwọn ẹlòmíì á ti bá yín sọ̀rọ̀ báńkì, ilé gbígbà àti ẹ̀wù òtútù. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni bí iṣẹ́ yìí ṣe ń wọ inú ilé tọkọtaya, tí yóò sì gba ibẹ̀ tán bí a kò bá tètè pààlà fún un.

Nílé, ẹni méjì péré kọ́ ló ń gbé ìgbéyàwó dúró. Bí ọkọ bá pẹ́ níbi iṣẹ́, ìyá ọkọ wà nítòsí, aládùúgbò á mú ọmọ bọ̀ láti ilé ìwé, ẹnì kan á ti gún iyán sílẹ̀. Bí gbọ́nmi-si-omi-ò-to bá ṣẹlẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, àgbà kan á ti gbọ́, á ti pe ọkọ sẹ́yìn ilé, á sì ti bá ìyàwó sọ̀rọ̀. Gbogbo ìyẹn lẹ fi sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Níbí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ṣe ìyá ọkọ, ẹ̀yin lẹ máa ṣe aládùúgbò, ẹ̀yin náà lẹ máa parí ìjà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀. Oòrùn máa ń wọ̀ fún àgbẹ̀, òjò sì máa ń lé e wálé. Oòrùn kì í wọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú server fún báńkì ní London tàbí Toronto. Laptop wà lórí tábìlì oúnjẹ, fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò sẹ́ni tó máa wá sọ fún yín pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì sì ni, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà nìkan.

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan tí irú wọn pọ̀ láàárín wa. Ọkọ kẹ́kọ̀ọ́ ní FUOYE, yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2011, tó ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé. Ìyàwó ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó. Manchester ni wọ́n wà báyìí, pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ó ti jáde kí aago méje tó lù, kò sì ní í wọlé títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ wà lórí on-call: ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lóru, òun ni wọ́n máa pè, ó sì gbọ́dọ̀ ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní aago méjì òru, fóònù ké. Ariwo rẹ̀ jí ọmọ, ara ọmọ sì ń gbóná. Ọkọ gbé ọmọ sí èjìká, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tẹ kọ̀ǹpútà, máníjà ń béèrè lórí fóònù pé kí ló ń dá a dúró. Nígbà tí ìyàwó bá fi máa wọlé láàárọ̀, ó ti rẹ ẹ́ tẹnutẹnu, ojú ọkọ ti pọ́n, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá sì bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn á di ìjà. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀. Rọ́tà méjì tí kò mọ̀ nípa ara wọn ló kọlu ara wọn.

Nítorí náà, ẹ kọ rọ́tà méjèèjì sójú ìwé kan. Wọ́n máa ń gbé ti ilé ìwòsàn jáde ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti on-call níbi tí nǹkan bá ti létò. Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ alẹ́ ti bọ́ sórí ọ̀sẹ̀ on-call, kí ẹni tó bá rọrùn fún bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wádìí ẹni tí ìpè máa bọ́ sí lọ́wọ́ bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbé e, kí ẹ sì ti sọ fún un ṣáájú pé, “Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú ọmọ lóru Ọjọ́bọ̀.” Ibi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà yín síṣẹ́ ló tilẹ̀ ti yẹ kí ẹ béèrè: èèyàn mélòó ló ń pín on-call? Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, ó di ẹ̀ẹ̀kan láàárín bí oṣù méjì. Ṣé wọ́n ń sanwó fún un? Ẹni tí wọ́n jí lóru ńkọ́, ṣé ó lè sùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Ojú máa ń ti àwa ọmọ Èkìtì láti béèrè irú nǹkan báyìí, kí wọ́n má bàa pè wá ní ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń béèrè, wọ́n sì ń gbà wọ́n síṣẹ́.

Òfin wà lẹ́yìn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní Britain, òfin wákàtí iṣẹ́ ti 1998 kò fàyè gba ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba lórí ọ̀sẹ̀ 17. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé nínú àwọn ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kan wà tó ní ẹ ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yẹn. Ẹ lọ wò ó. Ẹ lè gba ọ̀rọ̀ yín padà pẹ̀lú ìkìlọ̀ ọjọ́ 7, àyàfi bí àdéhùn yín bá sọ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá oṣù 3. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2024, ẹ ti lè béèrè fún àyípadà wákàtí tàbí kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọṣẹ́, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Wọ́n lè sọ pé rárá, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá yín jíròrò, kí wọ́n sì fèsì láàárín oṣù 2. Ní Ontario, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ nípa jíjáwọ́ nínú iṣẹ́ nígbà tí àkókò bá tó. Ẹ béèrè ìwé náà, kí ẹ jọ kà á.

Ọ̀rọ̀ físà ló gbẹgẹ́ jù. Ní Britain, ẹni tó bá bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá lórí físà Skilled Worker lè ṣe iṣẹ́ tó bá wù ú, àyàfi iṣẹ́ díẹ̀. Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí H-4, físà ọkọ tàbí aya, kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi bí ìwé ìgbélùú ẹnì kejì rẹ̀ tó wà lórí físà iṣẹ́ H-1B bá ti dé ipele kan, ìyẹn náà kò sì sí kí ó tó di 2015. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní Ìdó á wá jókòó sílé ní Texas, á máa wo ìlẹ̀kùn yàrá tí ọkọ ti ń ṣe ìpàdé láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ pé “ṣebí mò ń bọ́ ẹ” láé. Ẹ jẹ́ kó kẹ́kọ̀ọ́, kó ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, kó ní owó tó lè ná láìtọrọ. Ẹni tó bá ń fi físà halẹ̀ mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ ti kúrò lọ́rọ̀ iṣẹ́, ìwà ipá ló ń hù. Ní England, ẹni tí wọ́n bá ń hùwà ipá sí nílé lè pe 0808 2000 247, tọ̀sán tòru, ọ̀fẹ́ ni.

Bí oyún bá dé, ẹ má gbára lé ohun tí aládùúgbò sọ. Ní England, ó lè sọ fún yín pé ìjọba ń san wákàtí 30 lọ́sẹ̀ fún ibi ìtọ́jú ọmọ. Ó lè jẹ́ òótọ́ fún òun tó jẹ́ ọmọ ìlú. Bí físà ẹ̀yin méjèèjì bá ní ẹ kò lè jẹ nínú owó ìjọba, ẹ kò sí nínú ìyẹn. Wákàtí 15 tó wà fún gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4 ní England ni tiyín, kí ọmọ tó sì pé ọdún 3, àpò yín lowó sábà máa ń ti jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gba ilé. Ìyá lè wá láti Ìkọ̀lé wá wẹ ọmọ, físà àlejò sì lè fún un ní oṣù 6, àmọ́ àlejò ni, kò gbọ́dọ̀ di òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ọmọ fún yín. Ọ̀sẹ̀ 2 ni ìsinmi tí òfin fún bàbá ọmọ ní Britain. Mo ti rí àwọn bàbá tó gbà á, tí wọ́n sì ń ṣí laptop lábẹ́lẹ̀. Ẹ tì í pa. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ ìyá, nítorí òun á padà sílé, ẹ̀yin lẹ máa kù.

Àwọn kan nínú yín ló dá wá, ìyàwó tàbí ọkọ ṣì wà ní Ọ̀yẹ́, wọ́n ń retí físà. Bí ẹ bá wà ní Toronto, tí ẹ parí iṣẹ́ ní aago márùn-ún, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù nílé, tó bá sì di ìgbà òtútù, mọ́kànlá ni. Ẹni tó ti ń sùn lẹ ń pè yẹn. Ẹ pè é nígbà tí ẹ bá ń mu tíì àárọ̀ tàbí lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ sì jẹ́ kó wà nínú kàlẹ́ńdà iṣẹ́ yín bí ìpàdé yòókù, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan míì síbẹ̀.

Iṣẹ́ lè bọ́. Ní oṣù kìíní 2023, Google kéde pé èèyàn bí 12,000 máa lọ, Meta náà ti yọ 11,000 ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ọjọ́ 60 ni ẹni tó wà lórí H-1B sábà máa ń ní láti wá iṣẹ́ míì. Bẹ́ẹ̀ náà ló sábà máa ń rí ní Britain lẹ́yìn tí ìjọba bá ti kọ̀wé sí yín pé àwọn ti gé físà yín kúrú. Ẹ sọ fún ẹnì kejì yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkọ tó ń múra jáde láràárọ̀ lọ jókòó sí ilé ìkàwé ń fi ọjọ́ ìyàwó rẹ̀ náà ṣòfò, torí físà tirẹ̀ ló ń ká lọ yẹn.

Ẹ wá tọkọtaya àgbà kan láàárín àwọn ará ilé tó ti pẹ́ níbi tí ẹ wà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì tàbí nínú ìjọ tàbí mọ́sálásí yín, àwọn tí kò ní í pe Ìkọ̀lé kí ẹ tó délé. Ẹ lọ kí wọn nígbà tí kò tíì sí ìjà, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tó ń dìde sí ọmọ lóru nígbà tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́.