Sẹ́ẹ̀lì Ta Ni Wọ́n Fi Dán An Wò?

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìrèé, ní Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀.

Ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2020. Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, ìròyìn sì gbòde pé chloroquine, oògùn ibà àtijọ́ tó máa ń yún ni lára títí ilẹ̀ á fi mọ́, ló ń wò ó sàn. Donald Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà, yìn ín, bó ṣe dọ̀wọ́n gógó nìyẹn. Àwọn kan l'Ékòó lò ó lálòjù, wọ́n dèrò ọsíbítù, àjọ NCDC tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà sì ké gbàjarè.

Irọ́ kọ́ ni ìròyìn náà fi bẹ̀rẹ̀ o. Lóṣù kejì, àwọn onímọ̀ ní Wuhan kéde pé chloroquine dí kòrónà lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú ní yàrá ìwádìí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n Vero lorúkọ sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún: inú kíndìnrín ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti mú un, ní Japan lọ́dún 1962. Kò lè ṣe interferon tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ta ara wọn lólobó pé àrùn dé, ìdí nìyẹn tí oríṣiríṣi kòkòrò àrùn fi ń gbilẹ̀ nínú rẹ̀.

Kòrónà nílò ilẹ̀kùn kó tó wọ sẹ́ẹ̀lì. ACE2 ni ilẹ̀kùn náà. Sẹ́ẹ̀lì HeLa, tí wọ́n gbà lára Henrietta Lacks ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1951, kò ní in tó, kòrónà kì í ríbi wọ̀ ọ́. Vero ní in, àmọ́ kò ní TMPRSS2, èròjà tó ń gé kòrónà lẹ́nu ọ̀nà kó lè wọlé tààrà. Nínú Vero, kòrónà gbọ́dọ̀ gba inú àpò kékeré kan tó kan kọjá. Chloroquine a máa pa kíkan yẹn, kòrónà á sì há síbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn ní TMPRSS2 ní tirẹ̀, kòrónà kò nílò àpò kíkan yẹn níbẹ̀. Lóṣù keje ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi Calu-3, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró, dán chloroquine wò. Kò ran kòrónà rárá. Ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti fi hàn lóṣù kẹfà pé hydroxychloroquine, ìbátan rẹ̀, kò dín ikú àwọn tó wà ní ọsíbítù kù.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, torí ẹ̀rù ló mú àwọn èèyàn wa gbé oògùn yẹn mì. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní "wọ́n ti dán an wò ní láàbù", ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe hóró oògùn, ẹ bi í pé: sẹ́ẹ̀lì wo? Tẹranko ni àbí tènìyàn? Ẹ̀yà ara wo? Àwọn aláìsàn tó lò ó ńkọ́, ǹjẹ́ wọ́n sàn ju àwọn tí kò lò ó lọ? Mi ò ní kí ẹ da àgbo nù. Kí ìdáhùn ṣáà dé ná, kí ẹ tó fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí ìyá yín lórí WhatsApp.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ẹ̀yin náà gba iṣẹ́ ìwádìí kòkòrò àrùn ṣe. Ní Redeemer's University, l'Ẹ́dẹ, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka àbùdá kòrónà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà lóṣù kẹta ọdún 2020 yẹn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú iṣẹ́ yìí láàrin yín kò ní láti kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.