Bí O Bá Fẹ́ Wọ Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Kọ Kóòdù ní Gbangba

Ọmọ mi, inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé o fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe open source ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti wà láàrin wọn, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ilé jù lọ, àwọn tó ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà láti kékeré, àwọn gan-an ni ojú máa ń tì jù níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé wọ́n rí ẹnikẹ́ni fín. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ilé ni wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Bí wọn ò bá rí ẹni ṣàlàyé fún wọn, wọ́n á rò pé wọn kò fẹ́ àwọn níbẹ̀ ni, wọ́n á sì padà sílé. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o jókòó.

Kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ń ṣe operating system kan, pé ìgbafẹ́ lásán ni, ó sì ní kí àwọn èèyàn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú rẹ̀. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni Linux, tó wà lábẹ́ gbogbo fóònù Android lónìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń sanwó fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe Linux báyìí, àmọ́ ìyẹn kò kárí gbogbo iṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, àṣírí ihò kan tú nínú OpenSSL. Heartbleed ni wọ́n pè é. OpenSSL yìí ni ìdajì ayé fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn yòókù ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ wọn, lóru àti ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹni tí ìwọ máa kọ̀wé sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti tẹ́ ọmọ sùn, wákàtí kan péré ló kù fún un kí oorun tó gbé e lọ. Bí o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, wákàtí yẹn ni kí o bọ̀wọ̀ fún. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí, abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ló wà.

Mú ìkíni wò. Nílé wa, ẹni tó wọlé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ láì kí onílé, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Nítorí náà, ọmọ wa á kọ “Good morning sir” sí alábòójútó iṣẹ́ kan ní California, á sì dúró kó dáhùn kó tó béèrè ohun tó fẹ́ béèrè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ n’Íbàdàn, oru ló ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Yóò jí, yóò rí ìkíni tí kò sí ọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀, yóò ní “hello”. Bí ìwọ náà bá rí ìyẹn, tí o wá kọ ìbéèrè, ó ti sùn padà. Ọjọ́ méjì á ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe kóòdù rẹ. Kí i, ìkíni kò burú, àmọ́ kí ó jẹ́ gbólóhùn kan, kí ìbéèrè rẹ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má kọ “sir” sí ẹni tí o kò mọ̀, torí obìnrin lè wà lẹ́yìn orúkọ náà. Orúkọ rẹ̀ ni kí o pè é. Mo mọ̀ pé ó máa nira fún ọ láti pe ẹni tó tó bàbá rẹ lórúkọ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ara wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n àti akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀. Bí òun náà bá dá ọ lóhùn ní gbólóhùn gbígbẹ kan, láì béèrè àlàáfíà ilé, kò bínú sí ọ. Ìṣe wọn nìyẹn.

Èyí tó tún ṣòro ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Àwa gbà pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àgbà, ilé àgbà ni yóò lọ ní kùtùkùtù, kì í dúró láàrin ọjà pariwo rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ló ń mú àwọn ọmọ wa wá ímeèlì alábòójútó kiri, tí wọ́n á lọ bá a lórí LinkedIn, tí àwọn mìíràn á wá nọ́ńbà WhatsApp rẹ̀ pàápàá. Wọ́n rò pé àwọn ń bu ọlá fún un. Ohun tí òun rí ni pé àjèjì kan fẹ́ kí òun fi wákàtí òun ṣe iṣẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí o bá béèrè ní gbangba, ìdáhùn kan ṣoṣo á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ Brazil tí ìṣòro kan náà bá bá lọ́dún tó ń bọ̀ á rí i, kò ní nílò láti béèrè mọ́. Ẹlòmíì tí kì í ṣe alábòójútó náà sì lè dá ọ lóhùn kí ọ̀gá tó jí. Má bẹ̀rù pé wọ́n á rí i pé o kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ihò tí olè lè gbà wọlé sínú kóòdù nìkan ni ìkọ̀kọ̀ wà fún. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dé gbangba kí wọ́n tó dí i, nítorí náà wo fáìlì tí wọ́n pè ní SECURITY, ibẹ̀ ni wàá ti rí ẹni tó yẹ kí o kọ̀wé sí.

Kí o tó béèrè, ka fáìlì README àti CONTRIBUTING tó wà nínú iṣẹ́ náà, kí o sì wá ọ̀rọ̀ náà láàrin àwọn issue, ìyẹn àwọn ìṣòro tí àwọn èèyàn kọ síbẹ̀, tí wọ́n ti tì pa. Bí o kò bá rí i, sọ ohun tí o ṣe, ohun tí o rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, àti ẹ̀dà sọ́fítíwíà tí o ń lò. Da ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà gbé jáde kọ síbẹ̀ bó ṣe wà. Má fi fóònù ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, torí ó ṣòro láti ti inú fọ́tò da ọ̀rọ̀ kọ.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni kí èèyàn fi iṣẹ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ wá orúkọ. Ilé-iṣẹ́ DigitalOcean dá Hacktoberfest sílẹ̀ ní ọdún 2014 láti mú àwọn ẹni tuntun wọlé. Nígbà tó di ọdún 2020, ẹni tó bá fi pull request mẹ́rin, ìyẹn àtúnṣe sí kóòdù ẹlòmíì, ránṣẹ́ ní oṣù kẹwàá lè gba ẹ̀wù. Ẹ̀wù yẹn ló fa wàhálà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún README iṣẹ́ oníṣẹ́, wọ́n á kọ ọ́ pé iṣẹ́ yìí dára gan-an, ó tán. Àwọn alábòójútó fi òpin ọ̀sẹ̀ wọn pa ìdọ̀tí yìí rẹ́. Kí oṣù náà tó parí, DigitalOcean ti yí òfin padà pé iṣẹ́ tó bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ kópa nìkan ni yóò kà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, olùkọ́ kan fi Express, iṣẹ́ open source mìíràn, ṣe àpẹẹrẹ nínú fídíò tó fi ń kọ́ni bí a ṣe ń fi pull request ránṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń rọ́ wá fi orúkọ ara wọn sínú README Express títí ó fi sú àwọn tó ń bójú tó o. Àwọn ọmọ yẹn kò ní ìkà nínú. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ṣe. Ìwọ dá repository tìrẹ, ìyẹn ibi tí kóòdù ń gbé, sílẹ̀, ibẹ̀ ni kí o ti máa fi ọwọ́ kọ́.

Bákan náà ni ti AI. Daniel Stenberg ará Sweden, tó ti ń bójú tó sọ́fítíwíà curl láti àwọn ọdún 1990, kọ̀wé ní oṣù kìíní ọdún 2024 nípa àwọn ìròyìn ihò ààbò tí ẹ̀rọ kọ, tí wọ́n gún régé lójú ṣùgbọ́n tí kò sí òtítọ́ nínú wọn, tó sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo wọn kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá lo AI, dán ohun tó kọ wò. Ìlà tí o kò bá lè ṣàlàyé fúnra rẹ, má fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bí o bá wọ inú kóòdù náà, wàá rí ohun tí ojú rẹ ò ní gbà. Ó máa wù ọ́ kí o tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí o tún un kọ. Rọra. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó o. Ìlà mẹ́ta tó dà bí ìranù yẹn, ó lè jẹ́ pé ìṣòro burúkú kan ni wọ́n fi yanjú kí o tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Lo git blame, wàá rí ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tó kọ ọ́, àti commit tí o lè ti kà ìdí rẹ̀ bí ó bá sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ ṣe àtúnṣe ńlá, béèrè kí o tó kọ ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dára jù ni ibi tí ìwọ fúnra rẹ ti kọsẹ̀ nígbà tí o ń gbé sọ́fítíwíà náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Àwọn àgbà ibẹ̀ ti gbàgbé bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Ojú àlejò nìkan ló ń rí i, oṣù mẹ́ta sí i ìwọ náà ò ní rí i mọ́.

Wàyí o, sùúrù. Ọmọ wa kan á kọ̀wé sí mi pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti fi àtúnṣe ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó wò ó, ṣé nítorí pé ọmọ Nàìjíríà lòun ni? Mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò sí ojúsàájú láyé. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìtàn xz. Sọ́fítíwíà tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré ni, ó sì wà nínú Linux níbi gbogbo. Lasse Collin ará Finland ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá a ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọdún 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í mú àtúnṣe wá, ó níwà, ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2022, àwọn orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fòòró Collin ní gbangba: èé ṣe tó fi ń falẹ̀, kí ló dé tí kò gbé e fún ẹlòmíì? Ó dáhùn pé iṣẹ́ tí òun ń fi ìfẹ́ ṣe láìgbowó ni. Wọn kò dákẹ́. Nígbà tó yá, Jia Tan di ẹni tó ń bá a di iṣẹ́ náà mú, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ó sì fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ẹnì kan tó ń kọ kóòdù, Andres Freund, ló tú u fó ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún yẹn, nítorí ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

Wo ohun tí wọ́n fi borí Collin: ìkánjú ni. Láti ìgbà yẹn, alábòójútó tó bá gbọ́n, ara rẹ̀ máa ń fu sí ẹni tó bá ń tì í. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí o kò rí èsì, kọ ìlà kan, béèrè bóyá ohun kan kù tó yẹ kí o tún ṣe. Má kọ ọ́ lójoojúmọ́, má sì pe orúkọ èèyàn márùn-ún sí i. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù, ìgbẹ́kẹ̀lé náà kì í sì í dé lọ́jọ́ kan.

Wọ́n á bá ọ wí. Bí ẹnì kan bá sọ pé kóòdù yìí kò dára, pé kí o tún un ṣe báyìí báyìí, ó ti fi wákàtí rẹ̀ ta ọ́ lọ́rẹ. Dúpẹ́, tún un ṣe. Kò bú ìdílé rẹ. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni ó pè ní òmùgọ̀, ìyẹn yàtọ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀jáfáfá ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Torvalds fúnra rẹ̀, tó ti fi ẹnu gbígbóná bá àwọn èèyàn jà ní gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún, tọrọ àforíjì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni Linux gba ìlànà ìwà tuntun. Ó padà ní oṣù kẹwàá, Linux kò sì tìtorí ìwà pẹ̀lẹ́ bàjẹ́. Bí wọ́n bá bú ọ, má bú wọn padà. Wo fáìlì CODE_OF_CONDUCT, kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, kúrò. Iṣẹ́ pọ̀ níbòmíràn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń bójú tó iṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, iná kò sì dúró. Fi --depth 1 kún git clone, kò ní kó gbogbo ìtàn ọdún púpọ̀ wá sórí ẹ̀rọ rẹ. Kọ orúkọ rẹ sínú git pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Ó gbà á, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí. Bí o bá ń wá ibi tí èdè rẹ yóò ti wúlò, kóòdù YorubaName, ìwé-atúmọ̀ orúkọ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì, wà ní gbangba, Common Voice ti Mozilla sì ń gba ohùn Yorùbá. Ètò Outreachy ń sanwó fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nínú open source, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló sì ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun kan ṣì kù. Bí o bá sọ lórí issue kan pé ìwọ máa ṣe é, àwọn yòókù á fi ọwọ́ kúrò níbẹ̀ nítorí rẹ. Ìdánwò lè dé, ara lè má yá, kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́. Má kàn dákẹ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá mọ̀ pé o kò ní lè parí rẹ̀, fi kóòdù ibi tí o bá a dé síbẹ̀, kí ẹni tó ń dúró lẹ́yìn rẹ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ.