Ewéko tí ń Tanná Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Ní àgbàlá àwọn ilé àtijọ́ kan ní Àpápá, a máa ń rí ewéko ńlá kan tí ewé rẹ̀ nípọn, tí ẹ̀gún wà létí rẹ̀, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́. Agave americana ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìbátan ọjá ìkòokò tiwa ni.

Mẹ́síkò àti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, tí ilẹ̀ sì jẹ́ òkúta àti yanrìn. Bí oòrùn bá ń mú lọ́sàn-án, yóò pa ihò èémí ewé rẹ̀ dé kí omi má baà lọ. Òru ni ó ń ṣí wọn. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ṣùgbọ́n ó tàn kálẹ̀ láti gba ìwọ̀nba òjò tí ó bá rọ̀. Inú ewé ni ó ń kó omi àti oúnjẹ pamọ́ sí.

Báyìí ni yóò wà fún nǹkan bí ọdún 10 sí 30 láìtanná. Nígbà tí àkókò bá tó, ọ̀pá ìtànná kan yóò yọ láàrin rẹ̀, èyí tí ó lè ga ju mítà 6 lọ. Yóò ná gbogbo ohun tí ó ti kó pamọ́ sórí rẹ̀, yóò sì kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti hù yí i ká. Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni a fi ń rọ́pò.

Ajégúnlẹ̀ ni a gbé dàgbà. Bàbá wa ń ru ẹrù lóru ní èbúté Àpápá; ìyá wa ń ta gààrí ní ọjà Boundary. Aṣọ kan ṣoṣo ni bàbá ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún, a sì rò pé ahun ni. Owó ilé-ìwé wa ni ó ń kó pamọ́. Ọdún tí a jáde ìwé mẹ́wàá ni ó kú, a kò sì tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ka Jòhánù 12:24 pẹ̀lú ìdílé yín. Ẹ̀yin òbí, bí ìtànná bá pẹ́, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù. Ẹ̀yin ojúgbà wa tí òbí yín ṣì wà láàyè, ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí tiyín ti lọ bíi tiwa, ẹ jẹ́ kí a san owó ilé-ìwé ọmọ kan ní Ajégúnlẹ̀ ní orúkọ wọn.