Fèrèsé Tí A Tì Pa Ni Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Ń Bá Ṣe Ọ̀rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé ìlera lónìí kan gbogbo ilé tí ènìyàn púpọ̀ ti ń sùn nínú yàrá kan. Nítorí náà, kí bàálé ilé kà á, kí ìyàwó ilé kà á, kí àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé sì kà á sí etí àwọn àgbà.

Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́ nínú ilé, tí ikọ́ náà kò sì lọ bọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó ya kọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ́tọ̀, a ó ya abọ́ àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀, a kò sì ní jẹ́ kí àwọn ọmọdé jẹ àjẹkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì ti fèrèsé gbọnyin nítorí òtútù, nítorí ẹ̀fọn àti nítorí olè. Ènìyàn mẹ́fà tàbí méje yóò sì sùn ti aláìsàn náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Irú ìṣọ́ra báyìí dà bí ti ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ olè, tí ó wá ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní TB, kì í ti ara kọ́ọ̀bù tàbí abọ́ ran ènìyàn. Inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú ni ó ń gbà.

Báwo ni a ti ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe àwọn dókítà nìkan ni wọ́n wá ìdí rẹ̀. Oríṣi ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n pa ọwọ́ pọ̀: onímọ̀ físíìsì, tí ń fi ìṣirò wá ìdí bí nǹkan ti ń rìn, ẹnjiníà tí ń rí sí omi àti afẹ́fẹ́ mímọ́, àti dókítà. Àwọn àgbà sì ti wí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

KÒKÒRÒ NÁÀ ÀTI Ọ̀NÀ RẸ̀

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Robert Koch fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Berlin pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn gbangba pé àrùn yìí kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe ohun tí a ń jogún nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù: ọ̀nà wo gan-an ni kòkòrò náà ń gbà ti inú ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kan dé inú ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn?

Apá kan ìdáhùn náà ti wà nílẹ̀ kí Koch tó sọ̀rọ̀. Ní 1851, George Stokes, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe ìṣirò bí afẹ́fẹ́ ti ń fa nǹkan tí ń fì síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, irú èyí tí ó wà nínú aago ara ògiri. Kò ro ti ikọ́ rárá. Ṣùgbọ́n láti inú ìṣirò rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé bí ẹ̀kán omi bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ti pẹ́ tó nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Àti pé bí ó bá kéré sí i ní ìlọ́po 10, ìbọ́sílẹ̀ rẹ̀ yóò falẹ̀ ní ìlọ́po 100.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹni tí ó dúró tí ó húkọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀kán itọ́ tí ó nípọn tó fọ́nrán irun orí kan yóò bọ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tí ó kéré sí i ní ìlọ́po 10 yóò lò tó ìṣẹ́jú 8 tàbí 10. Èyí tí ó kéré sí i ní ìlọ́po 100 lè wà lójú òfurufú yàrá náà láti alẹ́ di àárọ̀, bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá dákẹ́. Òun ni ó dà bí eruku tí a máa ń rí tí ń léfòó nígbà tí oòrùn bá gba ihò fèrèsé wọlé. Oòrùn ni ó fi í hàn wá. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní 1934 ni ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, William Firth Wells, tí ìyàwó rẹ̀ Mildred jẹ́ dókítà, fi ohun kan kún ìṣirò náà. Ó ní kí á rántí pé omi a máa gbẹ. Ẹ̀kán itọ́ tí ó tóbi yóò kan ilẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré yóò gbẹ lójú òfurufú, yóò ku èérún tí ó fúyẹ́ gan-an, kòkòrò àrùn yóò sì wà nínú èérún náà láàyè. Irú èérún bẹ́ẹ̀ ni ó wọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà nígbà tí a bá mí. Èyí tí ó bọ́ sínú abọ́ kò lè débẹ̀.

YÀRÁ MẸ́FÀ NÍ BALTIMORE

Ìṣirò dára, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ń fẹ́ ẹ̀rí tí a lè fi ojú rí. Wells àti dókítà Richard Riley lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ológun fẹ̀yìntì kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní 1956. Àwọn alárùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ń gbé inú yàrá mẹ́fà. Wọ́n fi ọ̀pá fa gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá wọn lọ sí òkè ilé, níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn ẹranko kékeré kan tí ó jọ òkété tí kò ní ìrù. Àwọn ẹranko wọ̀nyí kò fojú kan aláìsàn, wọn kò jẹun nínú abọ́ wọn, wọn kò mu nínú omi wọn. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó so wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, láàárín ọdún méjì, èyí tí ó kó àrùn náà nínú wọn ju 70 lọ.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n pín afẹ́fẹ́ náà sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fi iná kan tí ń pa kòkòrò, èyí tí a ń pè ní ultraviolet, sí ojú ọ̀nà kan, wọn kò fi nǹkan kan sí ojú ọ̀nà kejì. Àwọn ẹranko tí ń mí afẹ́fẹ́ tí iná yẹn ti kàn, kò sí ìkankan tí ó kó àrùn. Àwọn tí ó kù ń kó o bí ti àtẹ̀yìnwá.

Wọ́n tún rí ohun mìíràn tí ó yẹ kí ó fi ẹnikẹ́ni tí ó ní aláìsàn nílé lọ́kàn balẹ̀. Àwọn aláìsàn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn tí ó bá kòkòrò wọn mu kò fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn ẹranko náà mọ́. Ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun ní àrùn náà ni ó léwu jù, kì í ṣe ẹni tí ń lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Ẹ̀KỌ́ TÍ ÀRÙN KÒRÓNÀ TÚN KỌ́ WA

Ẹ má ṣe rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni èyí. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ sọ ní oṣù Kẹta pé àrùn náà kì í gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Lidia Morawska, onímọ̀ físíìsì ní ilẹ̀ Australia, àti dókítà Donald Milton ní Amẹ́ríkà kọ̀wé ní oṣù Keje ọdún náà pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ọ̀mọ̀wé 239 ni wọ́n fi ọwọ́ sí i. Linsey Marr, ẹnjiníà àyíká, wà lára àwọn tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní 2021 ni àjọ náà wá kọ ọ́ kedere pé afẹ́fẹ́ inú yàrá a máa gbé àrùn náà dé ọ̀nà jíjìn. Ìṣirò ti 1851 àti ti 1934 kò tíì gbó.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Inú wa dùn pé oògùn afẹ́fẹ́ búburú kò wọ́n. Ní 2007, àwọn dókítà gbé ìwádìí kan jáde láti ìlú Lima ní ilẹ̀ Peru, níbi tí wọ́n ti wọn afẹ́fẹ́ yàrá 70 nínú ilé ìwòsàn 8. Níbi tí wọ́n ti ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ ń pààrọ̀ ara rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà 28 láàárín wákàtí kan. Níbi tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó iyebíye ni ó ń ṣe é, ìgbà 12 ni. Àwọn ilé àtijọ́ tí àjà wọn ga, tí fèrèsé wọn sì fẹ̀, ni ó dára jù lọ.

Èkíní, ẹ máa ṣí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn méjì tí ó kọjú sí ara wọn, kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi wọlé kí ó sì rí ibi jáde. Ẹ gbé àpótí àti ẹrù kúrò lójú fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ olè ni ẹ ń bẹ̀rù, irin ni a ń fi sí ojú fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọn ni, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ sì sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Ní ti òtútù, aṣọ ni a fi ń bo ara.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù tàn yín jẹ. Bí fèrèsé bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ àná ni wọ́n ń rò pọ̀ fún yín. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ amúlétutù tí a ń lò nílé kì í mú tuntun wọlé rárá.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ń húkọ́ fi aṣọ tàbí ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu, kí ó máa jókòó síta lọ́sàn-án, kí ó sì sùn ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí yàrá mìíràn bá wà, kí ó dá sùn níbẹ̀ títí oògùn yóò fi ràn án. Ẹ jẹ́ kí ó máa bá yín jẹun ní gbangba, kí ẹ má sì ta á nù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣí fèrèsé ọkọ̀ danfo, ti kíláàsì àwọn ọmọ, àti ti ibi ìsọji òru tí èrò ti pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ: ikọ́ tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ikọ́ tí à ń fi àgbo nìkan wò. Bí ibà alẹ́, òógùn òru, rírù tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá tún wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ibùdó ìjọba ní Nàìjíríà. Oṣù mẹ́fà ni ó wọ́pọ̀ láti lo oògùn náà. Ara lè yá lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dáwọ́ dúró níbẹ̀ ń kọ́ kòkòrò ní ìjà ni. Ó lè padà wá, oògùn àkọ́kọ́ sì lè má ràn án mọ́. Kí ọmọ tuntun sì gba abẹ́rẹ́ BCG, nítorí ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ irú ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ń wọ ọpọlọ.

Ní ọdún 2023 nìkan, àrùn yìí pa ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù kan àti ìdá mẹ́rin mílíọ̀nù ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé wò, ó sì ṣeé dènà. Fèrèsé kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn, oògùn kò sì lè ṣe iṣẹ́ fèrèsé. Ẹ lo méjèèjì. Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ wo fèrèsé yàrá yín. Bí ó bá wà ní títì, ẹ dìde kí ẹ ṣí i. Ìlera ni ọrọ̀.