Bootloader mi ń kú lórí chip tuntun

Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀dù tó ń darí ínfátà ni mò ń ṣe níbí ní Festac. STM32F103 ni mò ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó rẹ̀ ga ju agbára mi lọ, mo bọ́ sórí STM32F030. Bootloader kan náà ni mo gbé sórí rẹ̀. Lórí F103, wẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Lórí F030, bí páákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bá ti wọlé báyìí, HardFault. Ọ̀rẹ́ mi ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Ìlà tó ti ń kú rèé:

uint32_t a = *(uint32_t *)(buf + 1);

Òǹkàwé, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Àbúrò, má tíì lọ bá ẹni tó tà á fún ọ jà. O ṣeun tó o fi ìlà yẹn ránṣẹ́. Ìdí "+ 1" yẹn lọ̀ràn wà. Bí buf bá bẹ̀rẹ̀ ní 0x20000400, ò ń ní kí chip kó báìtì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láti 0x20000401. Cortex-M0 inú F030 kò gbà bẹ́ẹ̀: àfi àdírẹ́sì tó ṣe é fi 4 pín láìṣẹ́kù. Cortex-M3 inú F103 ló dà bíi dánfó Mile 2, ibi tó o bá ti ké "ó wà o" ló ń dúró. M0 ń ṣe bíi BRT, ibùdó rẹ̀ nìkan ló ń dúró sí. Kódà M3 náà á kọ̀ bí compiler bá lo LDRD tàbí LDM níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àṣìṣe yìí ti wà nínú kóòdù rẹ. M3 ló ń bá ọ bò ó.

Kọ ọ́ báyìí:

uint32_t a;
memcpy(&a, buf + 1, 4);

Má fi (uint32_t *) síwájú buf + 1 nínú memcpy o. Compiler á gbà pé àdírẹ́sì náà gún, HardFault lè tún dé. Àwọn kan á ní kó o kàn fi báìtì mẹ́ta tó ṣófo síwájú páákẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn nìkan kò tó. Báìtì lásán ni buf, ibi tó bá wu linker ló lè gbé e sí. Fi variable kékeré kan kún kóòdù lọ́la, gbogbo ẹ̀ lè tún yẹ̀.

Ní ti flash, báìtì méjì-méjì ni F030 ń gbà. Bí fáìlì bá ṣẹ́ku báìtì kan nígbẹ̀yìn, fi 0xFF dí i.

Ó ku ọ̀kan. F030 kò ní VTOR, rẹ́jísítà tó ń sọ ibi tí vector wà. Kóòdù tuntun tí bootloader bá gbé wọlé gbọ́dọ̀ kọ vector rẹ̀ 48, ìyẹn báìtì 192, sí 0x20000000, kó fi SYSCFG darí chip síbẹ̀ kó tó ṣí interrupt. Yọ àyè náà sílẹ̀ nínú linker script, kí variable má bàa gùn ún. Bí o bá fo èyí, vector ti bootloader ni interrupt àkọ́kọ́ máa lọ bá.